Kóló páálí inú Lẹ́ńtì: àyẹ̀wò Rice Bowl, fún ìdílé àti fún páríìṣì

Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà yóò ti rí i rí: páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí Ọjọ́rú Eérú, ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì (ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ṣáájú Àjíǹde), bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Fádà ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan lọ sílé. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ níbi tí wọ́n fa ìlà sí, á di àpótí kékeré tó lanu lókè. Rice Bowl ni wọ́n ń pè é, owó fún àwọn tí ebi ń pa la ń kó jọ sínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn: kóló ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti kóló tí a mọ̀ nílé ni pé ẹni tó ń sọ owó sí i kọ́ ni yóò fọ́ ọ ná.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 la fún un. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọdé lè lò ó, ibi tí owó rẹ̀ ń lọ sì hàn gbangba. Ìràwọ̀ kan tó kù, nǹkan méjì ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ìsàlẹ̀ páálí náà kò lágbára tó, ìdílé sì ń gbà á láìmọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò iye tó yẹ kó wọ inú rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbé e sórí fíríìjì tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, tí wọ́n á máa da ṣéńjì sí i. Orí tábìlì oúnjẹ ni ipò rẹ̀. Ṣéńjì jẹ́ owó tí kò dun ẹnikẹ́ni. Owó tí Lẹ́ńtì ń béèrè ni owó oúnjẹ tí a ì bá jẹ, tí a kò jẹ. Gbogbo ohun tó kù tí a fẹ́ sọ, orí ìyẹn ló dúró lé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti wà nídìí rẹ̀. Dáyósíìsì (àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń bójú tó) Allentown ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1975, nígbà tí ọ̀dá àti ìyàn mú àwọn ará Sahel ní Áfíríkà. Wọ́n ní kí àwọn ìdílé jẹ oúnjẹ tí kò náni lówó, kí wọ́n gbàdúrà fún ẹni tí ebi ń pa, kí wọ́n sì fi owó tó ṣẹ́kù sí àpótí. Ní 1977, Catholic Relief Services, tí gbogbo ayé ń pè ní CRS, gbà á ní ètò Lẹ́ńtì tirẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ló dá CRS sílẹ̀ ní 1943, Baltimore sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn àgbà wa kan ti mọ orúkọ náà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà rárá: nígbà ogun Biafra, láàrin 1967 sí 1970, CRS wà lára àwọn ẹgbẹ́ ìjọ tí wọ́n ń fi bàálù gbé oúnjẹ àti oògùn lóru láti erékùṣù São Tomé lọ fún àwọn tí ogun ká mọ́.

Pípín owó náà kò lọ́jú pọ̀. Nínú dọ́là 100 tó bá ti inú kóló jáde, dọ́là 75 ń lọ sọ́dọ̀ CRS fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, dọ́là 25 sì ń dúró sí dáyósíìsì yín fún àwọn tí ebi àti òṣì ń bá fínra ládùúgbò. Ìdá kan nínú mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n lè fi ojú ara wọn rí. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì páríìṣì pé ta ló gba ti ọdún tó kọjá. Ó yẹ kí wọ́n lè dáhùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ọjọ́ Sọ́ńdè láìdúró kí ẹnikẹ́ni béèrè. Ní 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà gé owó USAID, ilé-iṣẹ́ ìjọba náà tó ń ṣèrànwọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ó bá CRS gidigidi, torí ibẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú owó rẹ̀ ti ń wá. Owó kóló kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè fi ìwé kan ṣoṣo dá a dúró.

Ó kan páálí náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, ẹ ki etí páálí bọ ojú tí wọ́n gé fún un, ó parí. Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro wà, torí etí tó wọnú ara wọn nìkan ló dì í mú. Owó bébà kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n owó ẹyọ wúwo ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Kọ́tà kan jẹ́ gíráàmù 5.67. Kọ́tà 200, tí í ṣe dọ́là 50, ti ju kílò kan lọ. Bó bá jẹ́ sẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń sọ sí i, tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2.5, odindi kílò kan kò ju dọ́là 4 lọ. Láti oṣù Bélú 2025 ni Amẹ́ríkà ti ṣíwọ́ rírọ ẹyọ sẹ́ńtì kan fún ìnáwó ojoojúmọ́. Owó ṣì ni, CRS yóò gbà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba àyè inú kóló mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Àmì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ìsàlẹ̀ á wú síta bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ kan gbé e lókè ní ọjọ́ yẹn, gbogbo owó á fọ́n sílẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ kí ẹyọ àkọ́kọ́ tó wọlé ni kí ẹ ti ṣe é: ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ gba ìsàlẹ̀ ní òòró àti ní ìbú bí àgbélébùú, kí orí téèpù gun ẹ̀gbẹ́ páálí tó ìka méjì. Ẹ má gbé e sítòsí iná ìdáná. Ooru omi gbígbóná ń rọ páálí, ẹ̀gbẹ́ tó bá sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í le bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó bébà sí i, ẹ ká a ní òòró títí yóò fi tínrín bí ìka. Èyí tí a bá ká ní onígun mẹ́rin máa ń há sẹ́nu ihò, ọmọ á wá fi ọ̀bẹ tì í, ẹnu páálí á ya.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa tú u ní alẹ́ Sátidé. Ẹ ka owó, ẹ kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó bá a wá, ẹ sì kó ẹyọ náà sínú ìgò. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń fún oníbàárà ní bébà tí wọ́n fi ń wé owó: kọ́tà 40 fún dọ́là 10, ẹyọ sẹ́ńtì mẹ́wàá 50 fún dọ́là 5, ẹyọ sẹ́ńtì márùn-ún 40 fún dọ́là 2. Ẹ yẹra fún ẹ̀rọ tó ń ka owó ẹyọ nínú ilé ìtajà ńlá bó bá jẹ́ owó bébà lẹ fẹ́ gbà níbẹ̀. Ó lè yọ ju dọ́là 10 lọ nínú 100, bẹ́ẹ̀ owó tálákà ni.

Ìṣirò orí tábìlì

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹni tó ń ra oúnjẹ ilé kọ iye tí oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì ì bá jẹ́ bó bá jẹ́ ọjọ́ lásán: ẹran, ìrẹsì, dòdò, mínírà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ se oúnjẹ tí kò ní ẹran, kí ẹ sì kọ iye tí òun náà jẹ́. Ẹ yọ kékeré kúrò lára ńlá. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 26, ti èkejì jẹ́ dọ́là 9, dọ́là 17 ni ti kóló, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dìde nídìí àwo. Ọjọ́ Ẹtì méje ló wà láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹ fi Ọjọ́rú Eérú fúnra rẹ̀ kún un, ó di ọjọ́ mẹ́jọ. Dọ́là 17 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ dọ́là 136. Ẹ fi wé ṣéńjì tó ń kóra jọ lórí fíríìjì, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ohun tó máa ń da ìṣirò yìí rú ni ẹja. Òfin Ìjọ ní ká má jẹ ẹran, kò ní ká má jẹ ẹja, nítorí náà ẹ̀rí ọkàn ń mọ́ lórí ẹja àrọ̀ ńlá, edé tó tó àtàǹpàkò àti ẹja tútù láti ilé ìtajà àwọn ará wa, tí iye rẹ̀ ju ti ẹran lọ fíìfíì. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò rú òfin, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tó ṣẹ́kù fún kóló. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́, sadíìnì, ẹyin, mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà pẹ̀lú ẹ̀kọ ló bá ọ̀rọ̀ náà mu jù. Ẹja díndín tí páríìṣì ń tà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì dára fún ìfararora, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀; ẹ kàn máa kà á mọ́ oúnjẹ àjẹlóde, kí ẹ má pè é ní ìfaradà.

Àwọn kan tún máa ń béèrè pé pọ̀nmọ́ ńkọ́. Ara màlúù ló ti wá. Kò sí ìdí tí a ó fi máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà yí ọjọ́ Ẹtì ká. Mágí àti àwọn amóúnjẹta-sánsán mìíràn kò sí lábẹ́ òfin náà. Ìwé Póòpù Paul Kẹfà tó jáde ní oṣù Èrèlé 1966 gba ẹyin, wàrà àti ohun amọ́bẹ̀dùn láyè, kódà bí ọ̀rá ẹran bá wà nínú rẹ̀.

Ìlànà oúnjẹ máa ń bá Rice Bowl wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí CRS ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ tí kò ní ẹran. Wọ́n rọrùn, wọn kò sì náni lówó. Síbẹ̀, ilé Yorùbá ní oúnjẹ Lẹ́ńtì tirẹ̀ tó yẹ kó wà lórí tábìlì yẹn ju gbogbo wọn lọ, òun ni fréjọ̀n. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ló mú un bọ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Pọtogí tí í ṣe feijão, èyí tó túmọ̀ sí ẹ̀wà. Títí di òní, ní Campos, Láfíàjí àti Pópó Àgùdà, òun ni oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ní Bahia pẹ̀lú, wọ́n ṣì ń se ìbátan rẹ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, feijão de leite ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wà àti àgbọn kan náà.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ago 2 ẹ̀wà dúdú tàbí ẹ̀wà olóyin tó, pẹ̀lú àgbọn ńlá 1, ṣíbí ìmùkọ 3 ṣúgà àti kànáfùrù 3. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ sè é fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, títí ẹyọ kan á fi fọ́ pátápátá láàrin ìka méjì láìjẹ́ pé ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wà tí kò jinná tó ibí yìí ló ń fa fréjọ̀n oníyanrìn, bílẹ́ńdà kò sì lè tún un ṣe. Ẹ fi omi tí ẹ fi sè é lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sì sẹ́ ẹ kí èèpo lè dúró sókè asẹ́.

Ẹ rin àgbọn, ẹ da ago 2 omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ fún un. Èyí ni oje àkọ́kọ́, ó ki. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ tún da ago 1 omi sórí èèrí rẹ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Oje kejì tó ṣàn ni ẹ ó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀wà pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Oje àkọ́kọ́ á wọlé ní ìparí, pẹ̀lú iná tó rọlẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá da oje tó ki yìí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì hó gùdùgùdù, á pínyà, òróró á léfòó sókè, ìyókù á sì máa dà bí omi ìṣanwọ́. Ẹ̀wà lílọ̀ tún máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ jóná nísàlẹ̀ ìkòkò bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ìṣẹ́jú méjì péré. Bó bá jóná, ẹ má ha á. Ẹ rọra da tòkè sínú ìkòkò mìíràn. Ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń ṣàn bí ògì tí a ń mu, torí á ki sí i bó bá ti ń tutù.

Ní Amẹ́ríkà, agolo oje àgbọn kan, tó tó mílílítà 400, lè rọ́pò àgbọn. Ẹ ka ara agolo náà dáadáa: irú èyí tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́, tí wọ́n ń lò fún ọtí, á ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja díndín kékeré tàbí ìgbín la fi ń jẹ fréjọ̀n, a sì ń wọ́n gàrí Ìjẹ̀bú lé e. Ìwọ̀nba ni kí ẹja náà jẹ́, nítorí kóló ń wò yín.

Òfin ààwẹ̀ kò le: láti ọmọ ọdún 18 títí di 59, oúnjẹ àjẹyó kan ṣoṣo ní Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, pẹ̀lú ìpápánu méjì tí àpapọ̀ wọn kò tó oúnjẹ kan. Láti ọmọ ọdún 14 ni a kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ méjèèjì yìí àti gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì. Aláìsàn, aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò sí lábẹ́ ọ̀ranyàn ààwẹ̀. Fréjọ̀n ni oúnjẹ àjẹyó Ọjọ́ Ẹtì Rere, kì í ṣe ìpápánu. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó din ṣúgà kù tàbí kó yọ ọ́ pátápátá, àgbọn fúnra rẹ̀ ní adùn.

Kàlẹ́ńdà tó máa ń bá kóló wá ni apá tó dùn mọ́ wa jù, pàápàá fún ilé tó ní ọmọ tó ti ń kàwé. Gbólóhùn kúkúrú kan lójoojúmọ́, àdúrà tàbí iṣẹ́ kékeré. Ọmọ tó bá kà á á béèrè pé èéṣe tí wọ́n fi ń pè é ní ogójì ọjọ́ nígbà tí Ọjọ́rú Eérú sí Sátidé Mímọ́ jẹ́ 46. Ẹ sọ fún un pé a kì í ka àwọn Sọ́ńdè mẹ́fà mọ́ ọn, torí Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan jẹ́ Àjíǹde kékeré. Ìtàn àwọn ìdílé láti ilẹ̀ òkèèrè tún wà níbẹ̀. Ẹ má kà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí oúnjẹ ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bu òkèlè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ní ilé tí ìyá àgbà ti wá láti Nàìjíríà tọ́jú ọmọ tuntun, kí ọmọ kà á, kí òbí túmọ̀ rẹ̀, kí Màmá fi Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run parí rẹ̀. Ìyá tó ti rí ọ̀dá tàbí ogun rí lè ní ohun tó pọ̀ ju ti inú ìwé lọ láti sọ.

Fún ìgbìmọ̀ páríìṣì

Ìdílé ni kí ẹ kà, ẹ má ka orí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á fún òbí ní ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, kíláàsì katikísìmù á tún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ilé tó ní ọmọ mẹ́ta á wá ní kóló mẹ́rin, kò sí èyí tó kún, kò sì sí èyí tó wà lórí tábìlì. Ẹ fún ọmọ ní kàlẹ́ńdà, kí kóló jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ilé.

Ẹ má tò ó sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù mú un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, kí wọ́n fi lé àwọn àgbà lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ tiwa. Kò sí àgbà Yorùbá tí yóò gbà á lọ́wọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ kó wá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú téèpù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta Lẹ́ńtì, ẹ rán wọn létí, torí ìgbà yẹn gan-an ni ìtara ọjọ́ eérú ti ń lọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe ìdíje láàrin àwọn kíláàsì, kí ẹ wá fi páátì pizza san án fún èyí tí kóló wọn wúwo jù. Ohun tí àpótí náà ń kọ́ ọmọ ni wọ́n fi ẹ̀bùn náà pa rẹ́, ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́ sì ń ti ibẹ̀ gba ìtìjú.

Páríìṣì tó ní àǹfààní kó ṣe ọbẹ̀ àti búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí Ọ̀nà Àgbélébùú, àdúrà ìrántí ìjìyà Jésù, tẹ̀ lé e. Ibùdó 14 náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú 30 sí 40 lọ. Fún ènìyàn 60, lítà 20 ọbẹ̀ ẹ̀wà tó, èyí tí yóò gba nǹkan bí kílò 3 sí 3 ààbọ̀ ẹ̀wà gbígbẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín, ẹ rẹ ẹ́, ẹ da omi nù, kí ẹ sì jẹ́ kó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí ẹ tó dín iná kù. Èyí tí a bá dà tààrà sínú ìkòkò iná mànàmáná tó ń rọra sè kì í gbóná tó láti pa májèlé ara rẹ̀, ó sì lè dá èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sí gbogbo ìjọ lára. Ẹ má ta ọbẹ̀ náà. Ẹ gbé kóló kan sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Lórí gbígbà á padà, ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó. Láti Sọ́ńdè Ọ̀pẹ títí di Sọ́ńdè kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni kí àpótí ìgbàpadà wà nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóló tó ṣẹ́kù á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó kó owó ẹyọ lọ sí báǹkì, kó kọ sọ̀wédowó ní orúkọ páríìṣì, kó sì kọ Rice Bowl sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kì í mú owó lọ́wọ́ lè san án lórí ẹ̀rọ ayélujára CRS, kó sì máa fi bébà kékeré tó kọ iye náà sí sínú kóló kí àwọn ọmọ lè rí i. Kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ka owó náà pọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó dé báǹkì lọ́sẹ̀ yẹn. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ìnáwó páríìṣì rárá, kódà fún ọjọ́ díẹ̀ pé a ó dá a padà. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń bàjẹ́.

Àwọn tiwa ní Ireland mọ àpótí Trócaire, àwọn tó wà ní Scotland mọ WEE BOX ti SCIAF, àjọ ìrànwọ́ Kátólíìkì ni méjèèjì. Ìlànà kan náà ni, ẹ lè lo ìṣirò òkè yìí fún wọn. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka JDPC (ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà) inú dáyósíìsì ni kí ẹ bi léèrè. Nínú ẹbí tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé, tí ààwẹ̀ méjèèjì tún pàdé bíi ti 2025 tí ọjọ́ mẹ́rin péré wà láàrin ìbẹ̀rẹ̀ wọn, kóló kan lórí tábìlì ìṣínu lè gba ọwọ́ gbogbo ilé.

Ní 2027, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà. Ó yá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, kí ọ́fíìsì páríìṣì béèrè fún kóló kí ọdún Kérésì tó wọlé.

Bí ẹ bá lè yan ìgbà tí ẹ ó dá tiyín padà, ẹ yan Mísà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Ìlànà Mísà ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló fàyè gbà á kí àwọn ọmọ ìjọ gbé ẹ̀bùn fún àwọn tálákà lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú búrẹ́dì àti wáìnì. Ẹ bá Fádà sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé gbé e. Kó fi ọwọ́ kan dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì tẹ́ ọwọ́ kejì sábẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé iwájú.